Òṣùwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọn Oyè Bàọ́lọ́jì?

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú,

Nígbà tí ọmọ bá rí àyè láti kọ́ bàọ́lọ́jì, tí í ṣe ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, ní yunifásítì kékeré ti ìjọba ìpínlẹ̀, àríyànjiyàn a máa bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Bàbá a ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kò lórúkọ. Ìyá a ní owó ibẹ̀ ni agbára àwọn ká. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì béèrè ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Yábà. Ní ọdún 1934 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Higher College níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì tó oyè yunifásítì. Èyí bí àwọn aṣáájú wa nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó ara wọn jọ sí Lagos Youth Movement. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n jà fún. Síbẹ̀, bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Láti Yábà ni Sanya Onabamiro, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, ti kọjá kí ó tó lọ sí Manchester àti Oxford. Omi ilẹ̀ wa ni ó padà wá tẹjú mọ́, tí ó ń wádìí irú ẹ̀dá tín-ín-tín tí ń gbé àrùn sòbìà kiri nínú rẹ̀. Ní ọdún 1988, àwọn tí a kà pé àrùn náà mú ní Nàìjíríà ju 650,000 lọ. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi wà lára ohun ìjà tí ó ṣẹ́gun rẹ̀.

Ní ayé Yábà, ẹ̀kọ́ wà, oyè ni kò sí. Ewu ti òní ni kí oyè wà, kí ẹ̀kọ́ má sí.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin ni mo gbé kalẹ̀. Èkíní: ǹjẹ́ àjọ NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ibẹ̀ gan-an? Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ padà sílé. Èkejì: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ń pín awò kan tí ń sọ ohun kékeré di ńlá? Níhìn-ín ni ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ti lè ju ńlá lọ, nítorí olùkọ́ tí ogún ọmọ wà níwájú rẹ̀ yóò mọ èyí tí kò rí nǹkan kan nínú awò náà. Ẹni tí irinwó wà níwájú rẹ̀ kò lè mọ̀. Ẹ̀kẹta: níbo ni àwọn ọmọ ti ń lo oṣù mẹ́fà tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ lóde? Ẹni tí ó lò ó nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, tí a kàn bá a fọwọ́ sí ìwé, kò kọ́ nǹkan kan. Ẹ̀kẹrin: ẹni tí ó mọ Vernonia amygdalina nínú ìwé, ǹjẹ́ ó mọ ewúro lẹ́yìnkùlé?

Ẹ̀yin ìjòyè, ìlú tí ó gba ilé-ẹ̀kọ́ lálejò ní ẹrù tirẹ̀. Kí ẹ tó dáwó fún ẹnu-ọ̀nà ńlá mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wọ yàrá àyẹ̀wò wọn, kí ẹ ka àwọn awò ibẹ̀. Ẹ fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ láìgé, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí wọn yóò kọ́. Ọdún mẹ́rin ọmọ wa kì í ṣe ohun tí a lè rà padà.