Ẹni Ìkẹyìn Ni Yóò Kọ́kọ́ Mú

Níbi púpọ̀ ní ayé, ẹni tí ó bá borí nínú ìdíje ni í gba èyí tí ó dára jù nínú èrè. Ẹni tí ó bá sì gbẹ́yìn, ọwọ́ òfo ni í gbé relé. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní ètò kan tí ó yàtọ̀ sí èyí. Lọ́dọọdún, nígbà tí àkókò bá tó láti yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tuntun láti yunifásítì, ẹgbẹ́ tí a ṣẹ́gun jù lọ ní ọdún tí ó kọjá ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ni yóò mú kẹ́yìn. Ètò yìí dára lójú. Síbẹ̀, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, a óò rí i pé ẹnì kan wà tí ètò náà gbàgbé.

Bọ́ọ̀lù tí a ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ní ibi gbogbo. Ó gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì. Ọwọ́ ni a fi ń jù ú, tí a sì fi ń gbé e sáré. Àwọn mọ́kànlá ni í dojú kọ àwọn mọ́kànlá lórí pápá, akoto ni wọ́n sì ń dé, nítorí pé ìkọlù wọn kì í ṣe kékeré.

Kí ó tó di ọdún 1936, ẹgbẹ́ tí ó bá wu ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó lè bá ṣe àdéhùn. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ olówó àti olókìkí ń kó àwọn akọni sọ́dọ̀, àwọn ẹgbẹ́ tí kò rí ọwọ́ họrí sì ń pèéṣẹ́ lẹ́yìn wọn. Ní ọdún 1935, Bert Bell, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ Eagles ti ìlú Philadelphia, dá a lábàá pé kí ẹni tí ó kẹ́yìn máa kọ́kọ́ mú. Àwọn yòókù gbà fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 1936, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án péjọ sí Philadelphia, wọ́n sì yan ènìyàn 81. Ẹgbẹ́ Bell gan-an ni ó kẹ́yìn ní ọdún náà. Jay Berwanger ti Yunifásítì Chicago ni ó sì kọ́kọ́ mú. Ó ṣe ni láàánú pé Berwanger kò fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Lónìí, ẹgbẹ́ 32 ni ó ń yan ènìyàn, ìgbà méje ni wọ́n sì ń yí i ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kò lè wọ inú ètò náà àfi bí ó bá ti tó ọdún mẹ́ta tí ó ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Láti ọdún 1987, ìlú Indianapolis ni a ti ń dán púpọ̀ nínú wọn wò. A ó wọn gíga wọn àti ìwúwo wọn. Wọn yóò sáré ogójì yáàdì. Wọn yóò gbé irin. Àwọn dókítà yóò sì yẹ eegun wọn wò.

Kò yẹ kí a bu ẹnu àtẹ́ lu ìpìlẹ̀ ètò yìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìdíje tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tí yóò borí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò sanwó láti wò ó? Àwọn kan lè wí pé ọ̀lẹ ni a ń fún ní ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé olùkọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fìdí rẹmi léraléra kì í pẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a yàn ni ètò náà gbàgbé. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin lè wá iṣẹ́ lọ sí ìlú tí ó bá wù ú; ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù yìí, ẹgbẹ́ tí ó bá pe orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó lè bá sọ̀rọ̀ owó. Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ ìlú Washington yan James Smith. Nínú ìdíje tí ó kẹ́yìn ọdún náà, ó fara pa ní ọrùn, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó pe ẹjọ́, ó ní bí òun bá ní àyè láti bá ẹgbẹ́ mìíràn dúnàádúrà ni, òun ìbá ti rí ìwé àdéhùn tí yóò gba òun sílẹ̀ ní ọjọ́ ìṣòro. Ní ọdún 1976, ilé-ẹjọ́ dá a láre pé ètò náà, bí ó ti rí nígbà náà, lòdì sí òfin ìṣòwò.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú àwọn tí ó ni ẹgbẹ́, ètò náà sì dúró. Àwọn wo ni ó fọwọ́ sí i? Àwọn tí ó ti wọlé ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yóò dé bá ṣì wà ní ilé-ìwé. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a fá lẹ́yìn wọn. Lóòótọ́, ní ọdún 2004, Eli Manning kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ San Diego tí ó yàn án gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹgbẹ́ Giants ti New York ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n baba Manning ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù olókìkí kí wọ́n tó bí i. Ọmọ tálákà tí ìyá rẹ̀ ń retí owó, báwo ni yóò ṣe kọ̀?

Ohun ìyanu kan tún wà nínú rẹ̀: ẹni tí a kò yàn rárá ni ó ní òmìnira láti yan. Ní ọdún 2000, a yan ènìyàn 198 kí a tó pe Tom Brady, ẹni tí ó padà gba ife-ẹ̀yẹ ní ìgbà méje. Ní ọdún kan náà, a kò pe Adewale Ogunleye rárá, nítorí pé orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ ní yunifásítì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ sì ń sọ ilé tí ó ti wá, bá ẹgbẹ́ Miami ṣe àdéhùn. Ní ọdún 2003, ìgbà 15 ni ó gbé àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó tó o nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìhà tiwọn. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀.

Nítorí náà, kí aláìlera máa kọ́kọ́ mú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ fi ń de ẹni tí a yàn pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú, tí ọrùn kan sì lè yẹ̀ ní ọjọ́ kan. Kí a dín in kù sí méjì, kí ọmọ náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó fẹ́ nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran aláìlera lọ́wọ́, ohun ìní ara rẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi ṣe é, kì í ṣe òmìnira ọmọ ọlọ́mọ.