Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bóòtù ìgbafẹ́, àsìkò òjò kì í ṣe àsìkò ìpatì

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ọ̀gá kan tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ ìròyìn pè mí pé kí n bá àwọn lọ sí Ilashe, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe fàájì ìparí ọdún. Èèyàn mẹ́sàn-án la wà nínú bóòtù náà, ọmọdé méjì wà lára wa. A gbéra láti Ìkòyí, ẹ̀rín àti àwàdà la fi ń lọ. Àfi bá a ṣe dé ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ Àpápá, tí ẹ́ńjìnnì yí ohùn padà, tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú nídìí ẹ̀, tó sì kú pátápátá.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí ìgbì fi ń jù wá síhìn-ín sọ́hùn-ún, tá a sì ń wo ọkọ̀ akóńtẹ́nà kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ọlọ́kọ̀ akérò kan tó wá fi okùn fà wá lọ sí èbúté. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà, ó ní rọ́bà kékeré inú pọ́ọ̀mpù tó ń fa omi tútù sókè ló ti gbẹ, tó sì fọ́ wẹ́wẹ́. Láti oṣù Kẹrin ni bóòtù náà ti wà lórí tirélà ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn ṣí tàpólì orí ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, wọ́n rọ epo sí i, wọ́n sì tì í sómi. Rọ́bà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ ló jó ẹ́ńjìnnì olówó ńlá, òun náà ló sì fẹ́ẹ̀ pa èèyàn mẹ́sàn-án.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀gá yìí nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. L'Ékòó níbí, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni bóòtù ìgbafẹ́ máa ń rọ́wọ́ mú. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lákọlákọ, tí ìgbì òkun sì ń ga, olówó á wọ́ bóòtù ẹ̀ gorí ilẹ̀, á bò ó, á sì gbàgbé ẹ̀. Lójú tiwọn, bóòtù tí kò jáde kò náni lówó. Irọ́ gbáà ni. Èrò tèmi ni pé àwọn oṣù tí bóòtù ò ṣiṣẹ́ gan-an ló ń jẹ owó jù, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kàn fi ń jẹ ẹ́.

Nílẹ̀ Yúróòpù àti apá òkè Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tí wọ́n ń bẹ̀ kó tó tọ́jú bóòtù ẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé. Wọ́n mọ̀ pé omi tó bá kù sínú ẹ́ńjìnnì á di yìnyín, á fẹ̀, á sì la irin sí méjì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Òjò, oòrùn àti iyọ̀ ni ọ̀tá tiwa, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ibi wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó, nítorí ojú ìwé okòwò la wà. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń kó ẹ́ńjìnnì Yamaha, Suzuki àti Mercury wá. Ẹni tó bá ra tiẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà, bí iye rẹ̀ ní dọ́là ò bá tiẹ̀ yẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta owó náírà tó kọ́kọ́ san ni yóò fi ra òmíràn. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń fi sílẹ̀ fún òjò?

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnnì. Iyọ̀ wà nínú omi ọ̀sà Èkó, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun máa ń wọlé dáadáa. Iyọ̀ tó bá gbẹ sínú ẹ́ńjìnnì á máa jẹ irin lábẹ́nú. Nítorí náà, bí bóòtù bá ti gòkè, kí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tó mọ́ fọ inú ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ tó máa ń tan ẹ́ńjìnnì sórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ẹni ń tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kó gbóná díẹ̀. Omi ló ń tu rọ́bà inú pọ́ọ̀mpù lára. Bí kò bá sí omi, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi jó. Ọdọọdún ló dáa kí wọ́n máa yẹ rọ́bà yìí wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀ kó tó gbẹ.

Epo bẹntiróòlù náà ń bàjẹ́. Èyí tó bá pẹ́ jù á ki, á máa lẹ̀ bí àtè, á sì dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kábúrétọ̀. Táǹkì tí kò kún náà máa ń làágùn nínú, omi á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú epo. Àwọn tó bá rántí epo tí methanol ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, èyí tó wọ ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, mọ ohun tí epo burúkú lè fojú ẹ́ńjìnnì rí. Kí wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ rọ táǹkì kún, kí wọ́n da oògùn tó ń jẹ́ kí epo pẹ́ sí i, kí ẹ́ńjìnnì sì fi omi ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí oògùn náà lè dé gbogbo ibi tó yẹ. Kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ epo pẹ̀lú.

Ó ku òróró gíà ìsàlẹ̀. Wákàtí 100 tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn òjò. Ìdí ni pé bí òróró náà bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ bá sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìpẹtà ló máa bá wọn gbé níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, okùn ìpẹja tàbí ọ̀rá tó lọ́ mọ́ ìdí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló máa ń gé rọ́bà tó ń dènà omi. Ẹ tún yẹ zinc kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì wò. Òun ni iyọ̀ ń jẹ dípò irin yòókù. Tó bá ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ tú bátìrì kúrò, kẹ́ ẹ sì máa gba iná sí i lóṣooṣù. Bátìrì tó kún dáadáa máa ń tó nǹkan bíi fóòtì 12.6.

Ó wá kan òjò fúnra ẹ̀. Bóòtù tó gùn ní mítà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní mítà méjì, bí òjò tó tó mìlímítà 100 bá rọ̀ sínú ẹ̀ tí kò ríbi jáde, 1,200 lítà omi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó ti lé ní tọ́ọ̀nù kan, ó wúwo bí odidi mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Bó bá wà lójú omi, á rì síbi tí wọ́n so ó mọ́. Bó bá wà lórí tirélà, ó lè tẹ irin rẹ̀ kọdọrọ. Ẹ yọ ìdérí ihò ìdí bóòtù, ẹ gbé imú ẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi lè máa jáde, kẹ́ ẹ sì so ìdérí náà mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì, kẹ́nikẹ́ni má baà gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń padà sómi.

Tirélà tí wọ́n fi ń fà á gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹ rò ó wò: táyà sáré láti ilé dé èbúté, bẹ́rìn inú rẹ̀ gbóná, wọ́n sì tì í bọ omi tútù lójijì. Omi á fà wọnú bẹ́rìn, á lé gíríìsì, ìpẹtà á sì gorí oyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gíríìsì tuntun dì í. Kí wọ́n fi jáàkì gbé tirélà náà kúrò nílẹ̀, kí ẹrù má baà wà lórí táyà fún odidi oṣù mẹ́fà. Ẹ má sì wo ojú táyà nìkan, oòrùn ló ń pa táyà tirélà ju títì lọ. Nọ́ńbà mẹ́rin wà létí ẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ olówó lèyí, kí ló kan mẹ̀kúnnù níbẹ̀? Ó kàn án o. Awakọ̀ bóòtù kì í ṣe olówó. Ọmọ tó ń fa okùn létí omi kì í ṣe olówó. Ìyá tó ń dín ẹja fáwọn tó wá ṣe fàájì ní etíkun náà kì í ṣe olówó. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó, gbogbo wọn lebi ń pa. Ọ̀nà tí olówó ń gbà náà sì ni ọkọ̀ akérò tó kó èrò ń gbà, bóòtù tó kú lójú ọ̀nà, ewu gbogbo wa ni.

Ohun tí mo wá ń dábàá ni pé kí àwọn tó ní bóòtù yéé pe mẹkáníìkì bí ẹni ń pe panápaná. Kí wọ́n bá a ṣe àdéhùn ọdún, kó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kó tún padà wá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kó sì kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú ìwé. Àwọn mẹkáníìkì náà á rówó mú nínú àwọn oṣù tí iṣẹ́ máa ń dá, wọ́n á lè mú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ra, kò sì ní sí pé kí gbogbo èèyàn máa rọ́ lu ẹnì kan ṣoṣo ní oṣù Kejìlá. Bí ẹni tó ni bóòtù bá sì fẹ́ tà á lọ́la, ìwé yẹn á gba owó gidi fún un.

Ọ̀gá mi yẹn ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Kò sọ iye tó ná fún mi, èmi náà ò sì béèrè, nítorí mo rí ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó tẹ̀ lé e, òun fúnra ẹ̀ ló dúró ti mẹkáníìkì títí tó fi ṣe é tán. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.