Ẹ Yé Fi Ariwo Ra Ṣakabùlà

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Àgbàdo ti kúrò lóko, koríko ti ń gbẹ, ẹran ìgbẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi sá pamọ́ sí mọ́. Irú àsìkò yìí ni ìbéèrè kan máa ń pọ̀ láàrin wa: "Ẹ jọ̀ọ́, irú ṣakabùlà wo ni kí n rà?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún un ló ń bí mi nínú. Ẹnìkan á ní, "Ra èyí tó gùn jù." Òmíràn á ní, "Èyí tó bá ń dún bí àrá ni kó o mú." Ẹ̀kẹta á ní òun mọ alágbẹ̀dẹ kan tó ń tà á ní ìdajì owó. Kò sẹ́ni tó bi í pé irin wo ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìbọn ọ̀hún. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi pa.

Ẹni tó bá fi ariwo yan ìbọn, bọ́ǹbù ló rà gbé lé èjìká ara rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, bó ṣe rí nìyẹn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ariwo yìí ti wá. Níbi òkú ọdẹ àti níbi ọdún ìbílẹ̀, ìbọn tó bá dún jù ni gbogbo ayé ń yìn. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń kì síbẹ̀, kò sí ọta nínú rẹ̀, wọ́n á kọjú ẹnu rẹ̀ sókè ọ̀run, ó di gbòlà! Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò burú. Àmọ́ ariwo kì í pa ẹtu. Bí ẹ̀tù bá ti pọ̀ jù lẹ́yìn ọta, ṣe ló máa ń fọ́n ọta náà ká, tí ẹran á dúró sáàárín, tí ọta á gba ọ̀tún gba òsì kọjá lára rẹ̀. Ìbọn á ta ọ́ sẹ́yìn, èjìká á wú, ẹran á lọ. Ọ̀pá ìbọn náà sì ń jẹ nínú ìyà yẹn lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ ni yóò sọ fún ọ.

Gígùn ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pá tó kúrú jù kì í jẹ́ kí ẹ̀tù jóná tán kí ọta tó jáde. Ṣùgbọ́n ìbọn tó ga ju ẹni tó gbé e lọ, nínú oko kòkó, lábẹ́ igi ọsàn, láàrin ẹ̀gẹ́ tó ti dí? Kí o tó yí i padà, ẹran ti dé Ìlọrin. Àwọn tó kọ́kọ́ kó irú ìbọn yìí wá bá wa ló fi gígùn mọ́ wa lójú. Dane gun ni Òyìnbó ń pè é, orúkọ àwọn ará Denmark ni wọ́n fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ní Birmingham yìí náà, láti ọdún 1813 ni òfin ti dá ilé sílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ọ̀pá ìbọn wò, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ lé e. Ó ti lé ní igba ọdún o! Àwa tí a wà níbí lónìí, ọ̀dà dúdú tó ń dán lára ìbọn la fi ń mọ̀ pé ó dáa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ikú wà.

Páìpù omi ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún wa. Omi ni wọ́n ṣe páìpù omi fún. Ẹ mú páìpù bẹ́ẹ̀ kan, ẹ wo inú rẹ̀ lójú oòrùn, ẹ ó rí ìlà kan tó lọ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká, tí wọ́n wá jó ojú rẹ̀ pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ yẹn ni ẹ̀tù máa ń wá. Ó lè gba ogún ìgbà, ó lè gba ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ kan ni yóò là bí ẹ̀pà, ọwọ́ òsì tó di ọ̀pá mú ló sì máa wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ fi irin hàn yín kó tó kùn ún. Èyí tí kò ní ojú ìsopọ̀ ni kí ẹ gbà. Kí ìdí rẹ̀, níbi tí ẹ̀tù ń jókòó sí, nípọn ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ìdí àti ẹnu bá nípọn bákan náà, tó sì fẹ́lẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe dí ìdí náà. Ògbógi alágbẹ̀dẹ á gé eyín sínú irin, á wá yí ìdérí rẹ̀ wọ̀ ọ́ bíi nọ́ọ̀tì. Aláìmọ̀ á fi òòlù gbá irin kan wọ̀ ọ́, á gbé e fún wẹ́dà kó jó o lé e lórí. Irú ìyẹn, bó bá jáde, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde, ojú ẹni tó ń wo ẹran ló sì wà lẹ́yìn.

Ihò iná pẹ̀lú. Kó kéré. Ihò tó bá ti fẹ̀ á máa tu iná sí ọ lójú ní gbogbo ìgbà tó o bá yìn ín.

Ẹ wá wo apátí. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí kò lápátí, ta ló jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ kọ òun. Ẹ fà á dé ìdajì, ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ gbọn ìbọn náà, ẹ fi ìdí rẹ̀ gbá ilẹ̀ díẹ̀, láìsí ẹ̀tù nínú rẹ̀ o. Bó bá já, ẹ má rà á. Ìbọn tí apátí rẹ̀ ń já fúnra rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni yóò pa.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnìkan: "Irú ẹ̀ náà ni bàbá mi lò fún ogójì ọdún, kò bẹ́." Ó dáa. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀pá ìbọn gidi tí wọ́n ti ń jogún bọ̀ ló wà lọ́wọ́ bàbá yín, tí alágbẹ̀dẹ kàn ń pààrọ̀ igi ìdí rẹ̀. Ìkejì, bàbá yín ní ohun kékeré kan tó fi ń wọn ẹ̀tù, kò ju ìyẹn lọ rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Àtẹ́lẹwọ́ lẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ìkẹta, ẹ rọra lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ọdẹ abúlé yín, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì ka ìka ọwọ́ wọn.

Ní abúlé tí kò jìnnà sí oko wa, ọmọkùnrin kan ki ìbọn rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò rí ẹran, ó gbé e ti ògiri ahéré. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e, kò yẹ inú rẹ̀ wò, ó tún ki ẹ̀tù àti ọta mìíràn lé e. Àtàǹpàkò àti ìka méjì ló bá a lọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Àjẹ́ wo ló ki ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì? Bí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ sàmì sára ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn, àmì kan fún ìgbà tí inú ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tí ó ti ní ẹ̀tù àti ọta, ojú lásán ni ẹ̀gbọ́n ì bá fi mọ̀. Àmì kejì yẹn náà ló máa sọ fún ọ bóyá ọta ti wọlé jókòó lórí ẹ̀tù dáadáa. Bí àyè bá wà láàrin ẹ̀tù àti ọta, ọ̀pá lè bẹ́, bí irin rẹ̀ ti wù kó dáa tó.

Àwọn kan tún dé tí wọ́n ń tú ẹ̀tù inú kátíríìjì sínú ṣakabùlà, wọ́n ní ó lágbára ju ti ìbílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ́ yín bẹ́ẹ̀, ọ̀tá yín ni. Ẹ̀tù ìgbàlódé yẹn kì í ṣe ẹ̀tù dúdú, agbára rẹ̀ ju ohun tí ìbọn báyìí lè gbà lọ fíìfíì. Mi ò ní fi omi tutù sọ ọ́: ó ń pa ẹni tó yìn ín.

Ó wá ku ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú: kí lo fẹ́ fi ìbọn pa? Bó bá jẹ́ torí ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ, má ra ìbọn rárá. O máa pa ẹyọ kan lálẹ́ òní, méje á jẹun lọ́la. Koríko gíga ni ọ̀yà ń gbé, kì í fẹ́ràn àti gba ojú ilẹ̀ gbalasa kọjá. Ro ẹ̀gbẹ́ oko rẹ yípo kó mọ́, fi páànù tàbí nẹ́ẹ̀tì ká ibi tó ń gbà wọlé, dẹ pàkúté sí ojú ọ̀nà rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Gammalin sínú oúnjẹ fún un, tí ẹ tún ń tà á fún aráàlú jẹ, ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.)

Bó bá jẹ́ torí àwọn ajínigbé, tàbí àwọn tó ń fi màálù jẹ oko, mo mọ ohun tí ojú yín ń rí, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ má tan ara yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀tù nínú àpò. Nígbà Ogun Kírìjì, láwọn ọdún 1880, Snider tí wọ́n ń ki láti ìdí ni Èkìtì Parapọ̀ fi dààmú ọmọ ogun Ìbàdàn tí ṣakabùlà wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Bó bá kùnà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun yẹn, ti ẹnìkan tó dá wà lóko lálẹ́ ńkọ́?

Ẹtu àti àgbọ̀nrín ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹtu kì í sábà ju kílò mẹ́wàá lọ, kò gba ẹ̀tù rẹpẹtẹ. Ohun tó gba ni kó o sún mọ́ ọn, bíi mítà 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kó o sì ní sùúrù. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ṣakabùlà ju àwọn ìbọn tó ń yìn léraléra tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó ní yẹn ń mú kí èèyàn wò dáadáa kó tó fà á. Ó yẹ kó mú wa wò, ni kí n sọ, torí pé ọdọọdún la ń gbọ́ pé ẹnìkan yin èèyàn bí ẹran. Ojú tó tàn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹran. Ewúrẹ́ lójú, ajá lójú, aládùúgbò rẹ tó wá wo pàkúté rẹ̀ náà ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Bó ò bá rí orí, rí ọrùn, rí ara, gbé ìbọn sílẹ̀.

Kí ẹ sì má gba irọ́ pé ìbọn ìbílẹ̀ ò nílò ìwé. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 dárúkọ ṣakabùlà ní pàtó, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ní i gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń tà á fún yín mọ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun kọ́ ni ọlọ́pàá máa mú.

Ohun tí ẹ fi ń dí ẹ̀tù náà ńkọ́? Àkísà àti ìhá gbígbẹ máa ń jáde pẹ̀lú iná lára. Nínú ọyẹ́, ọdẹ á lépa ẹran, iná á máa lépa oko kòkó ẹlẹ́ni. Ẹ lo páálí tàbí ewé tó ṣì tutù díẹ̀, kí ẹ sì padà lọ wo ibi tó balẹ̀ sí. Bí ẹ bá délé, omi gbígbóná àti ọṣẹ, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo pa á. Èérí ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi mọ́ra, á jẹ irin láti inú níbi tí ojú ò tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ki ìbọn náà, kó so ó mọ́ kùkùté, kó fi okùn gígùn fa apátí láti ẹ̀yìn ògiri, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀yin náà wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ wo ọ̀pá àti ìdí rẹ̀ bóyá ó sán tàbí ó wú níbì kan. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ ò ní bínú, inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ ò fọkàn tán òun, pé bàbá òun ló ń rọ ìbọn fún ọba, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, ẹ kó owó yín padà sápò, ẹ lọ fi ra nẹ́ẹ̀tì ká oko ẹ̀gẹ́ yín.