Ẹ́ńjìnnì Ńlá Kọ́ Ni Yóò Mú Ọkọ̀ Dé Èbúté

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ni omi ń gbé lọ. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí ju àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ajé gbé lọ sí etí òkun ìlú onílùú: àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ ibùdó apẹja dó sí ẹnu òkun láti ìpínlẹ̀ Delta títí dé Cross River, àti àwọn oníṣòwò Wàrì, Port Harcourt àti Kàlàbá tí wọ́n fi èrè ọjà ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tàbí méjì, tí wọ́n sì gbé e fún atukọ̀ kí ó máa fi kó èrò àti ẹrù. Àwọn ti ìṣáájú mọ omi ju bí wọ́n ti mọ ilẹ̀ lọ. Àwọn ti ìkejì kò mọ omi rárá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ owó. Ó ṣe ni láàánú pé àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Àṣìṣe náà ni pé nígbàkúùgbà tí owó bá dé ọwọ́, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 a máa lé 75; ẹni tí ó ní 75 a sì máa wo ẹni tí ó so méjì mọ́ ìdí ọkọ̀ bí ẹni ń wo ọba. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ìdákọ̀ró nínú ọkọ̀ kan náà, àjẹ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ yóò ti sán, ike tí wọ́n fi ń gbọ́n omi yóò sì jẹ́ èyí tí ìdí rẹ̀ ti lu. Ẹ́ńjìnnì ńlá dára, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kú sáàárín òkun, kò ní wúlò ju òkúta lọ. Ohun tí yóò gba ẹ̀mí là ní ọjọ́ náà ni àwọn ohun kéékèèké tí gbogbo owó wọn lápapọ̀ kò tó owó ẹ́ńjìnnì tuntun kan.

Kí ènìyàn fi ojú inú wo ẹnu odò, níbi tí omi ti ń já sí òkun. Iyanrìn a máa kó jọ síbẹ̀, omi kì í sì í jìn mọ́, ìgbì a sì máa fọ́ funfun. Nígbà tí omi bá ń fà, tí ìṣàn odò ń lọ pàdé ìgbì tí ń bọ̀ láti òkun, ibẹ̀ a máa le gidigidi. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n atukọ̀ fi ń dúró de ìgbà tí omi bá ń kún kí ó tó kọjá. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú níbẹ̀, àyè ìrònú kò sí. Ìgbì kan yóò fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjú sí òkun, èyí tí ó tẹ̀lé e yóò sì dojú rẹ̀ dé. Ìdákọ̀ró ni ó lè mú kí imú ọkọ̀ kọjú sí ìgbì. Ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró tí ó wà lábẹ́ àwọ̀n, lábẹ́ àpò gààrí àti agbọ̀n ẹja gbígbẹ, kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi sílẹ̀ sílé. Iwájú ọkọ̀ ni ibùgbé rẹ̀, kí okùn rẹ̀ sì ti wà ní síso mọ́ imú ọkọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, kí ṣéènì díẹ̀ wà láàárín òun àti okùn kí ó lè sùn mọ́lẹ̀ dáadáa. Okùn náà gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po márùn-ún sí méje jíjìn omi, nítorí okùn kúkúrú ni yóò tún fa ìdákọ̀ró kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe omi wọlé, nítorí ìdí ni ó rẹlẹ̀ jù.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú agbami ni ẹ́ńjìnnì ti kú, ewu náà kò yára, ṣùgbọ́n kò kéré. Ìṣàn òkun Guinea, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ó ń lọ. Ẹni tí ó bá ti Brass jáde tí ó ń lọ sílé ní Àwọ́yè tàbí Ayétòrò fún ọdún Kérésìmesì, ẹ̀yìn ni yóò máa padà sí, sí ọ̀nà Bonny, tí ilé yóò máa jìnnà sí i ní wákàtí dé wákàtí. Àsìkò náà ni ọyẹ́ sì ń mú ojú òkun ṣú, tí ènìyàn kì í fi rí etíkun mọ́. Ọkọ̀ tí kò ní kọ́ńpáàsì nígbà náà kò yàtọ̀ sí afọ́jú. Omi mímu gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ ju èyí tí ìrìn àjò náà fẹ́ lọ. Tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà, àti fèrè, àti jígí kékeré tí ó lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ké sí ọkọ̀ tí ń kọjá lókèèrè. Fóònù dára nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ṣùgbọ́n kì í jìnnà sí etíkun tí kò fi ní gbọ́ nǹkan mọ́. Rédíò àwọn atukọ̀ òkun ni ó sàn jù, nítorí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ tí ń bọ̀ ń tẹ́tí sí ṣánẹ́ẹ̀lì 16 rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Kí ni ó tilẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru ayé, òmíràn a sì di í ru ọ̀tá. Iyọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti òkun dé, tí wọ́n gbé sókè láìfi omi tútù fọ inú rẹ̀, iyọ̀ yóò gbẹ sí ojú ihò tí omi ń gbà kọjá, títí yóò fi dí i pa. Iṣẹ́ náà kò ju kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú àgbá tí ó kún fún omi tútù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lóòótọ́, omi tútù a máa wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú etí òkun, ṣùgbọ́n kò tíì wọ́n tó ẹ́ńjìnnì. Ọ̀tá kejì ni ọ̀rá àti iyanrìn. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà kékeré kan wà nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ń fa omi sókè láti mú un tutù. Iyanrìn a máa jẹ ẹ́, ọjọ́ orí a sì máa mú un le. Ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni omi tí ń tú jáde bí ìtọ̀ ọmọdé lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí omi náà bá dá, kí atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ pé èrò ń kùn. Abẹ̀bẹ̀ yìí yẹ ní pípààrọ̀ lọ́dọọdún, kí òmíràn sì wà nínú àpótí irinṣẹ́ pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tuntun, sípánà, àti ọ̀bẹ mímú tí wọn yóò fi gé àwọ̀n tí ó bá lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin nísàlẹ̀.

Òróró gíà tún wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Kí wọ́n tú u díẹ̀ wò lóòrèkóòrè: bí ó bá funfun bí omi ògì, omi òkun ti wọlé, irin inú rẹ̀ sì ti ń jẹ. Irin funfun tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kí iyọ̀ lè máa jẹ ẹ́ dípò ẹ́ńjìnnì, àwọn kan a máa kùn ún ní ọ̀dà kí ó lè dùn ún wò! Ẹni tí ó kùn ún ti sọ ọ́ di aláìwúlò. Ní ti epo, ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù àti ọ́ìlì pọ̀ ń fẹ́ ìwọ̀n: níbi tí ìwé rẹ̀ bá ti ní kí ó jẹ́ ọ́ìlì kan sí bẹntiróòlù àádọ́ta, ààbọ̀ lítà ni ó tọ́ sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kì í ṣe bí ọwọ́ bá ṣe dà á sí. Kí wọ́n sì sẹ́ epo náà kí ó tó wọ inú táǹkì, nítorí omi inú epo ti dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró ju ìjì lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù amúniléfòó ni ó ń bí ni nínú jù. Àwọn apẹja kan kà á sí àbùkù pé kí ọmọ bíbí inú omi wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbá lórí nígbà tí ó ń dojú dé, ibo ni ìmọ̀ ìwẹ̀ rẹ̀ wà? Àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ní tiwọn ń rà á nítorí ẹ̀rù àwọn aṣọ́nà NIWA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀ ní 1997 fún àbójútó ọ̀nà omi. Ẹ̀wù tí oòrùn ti jẹ okùn rẹ̀, tí fóòmù inú rẹ̀ ti rún, tí èrò ń wọ̀ ní èbúté tí wọ́n sì ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyànà àkọ́kọ́, ta ni ó ń tàn jẹ? Aṣọ́nà kò ní bá wọn dé ojú agbami. Kí ọlọ́kọ̀ wọ ọ̀kan nínú ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó bọ́ sínú omi ní etí èbúté, kí ó sì wò ó bóyá yóò gbé òun.

Àwọn kan yóò sọ pé owó ni gbogbo rẹ̀, pé èrè ọkọ̀ kò tó nǹkan. Òótọ́ ni pé ayédèrú ohun èlò pọ̀ lọ́jà, ojúlówó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tí ó jókòó sí Port Harcourt tí ó ń gba owó lọ́wọ́ atukọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí kò sì béèrè rí pé ọjọ́ wo ni wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn, kò lè di ẹ̀bi ru atukọ̀ nígbà tí aburú bá ṣẹlẹ̀. Owó tí ó fẹ́ fi kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó láti ra ìdákọ̀ró, ẹ̀wù gidi, kọ́ńpáàsì, àjẹ̀ méjì, àti ẹ́ńjìnnì kékeré àlòkù tí yóò lè wọ́ ọkọ̀ dé etíkun bí ńlá bá kú. Bí kò bá sì tó, kí ọkọ̀ náà máa ná inú odò, kí ó má ṣe jáde sí òkun títí owó yóò fi tó.

Nítorí ìrìn àjò ọdún, oṣù Kọkànlá ni ó yẹ kí wọ́n gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀, kí wọ́n wo pákó ìdí tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ mọ́ bóyá ó ti jẹrà, kí wọ́n sì dí ibi tí kòkòrò omi ti lu. Ní ọjọ́ tí wọn yóò gbéra, kí wọ́n pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn àfi bí nǹkan bá dé. Kí wọ́n sì fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní èbúté, tí orúkọ gbogbo èrò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n gbà àti wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n dé, kí ẹni náà lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn.