Onígbàjámọ̀ Tí A Kò Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ó wọ́pọ̀ láàárín wa kí àgbà ilé máa pe eré tí ń sọ nípa ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀dá ayé mìíràn ní eré ọmọdé, kí ó sì dìde kúrò níbẹ̀ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Èmi kò sí nínú wọn, nítorí mo fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ eré nìkan ni ó mú mi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kan nínú wọn lónìí. Eré náà béèrè ohun kan tí ó kan gbogbo ilé tí àgbà wà tí ọmọdé sì wà: ẹni tí ó sọ ìtàn fún wa, kí ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè?

Orúkọ eré náà ni Doctor Who. Ilé iṣẹ́ BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963. Ìlú Ìbàdàn wa yìí ti ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níhìn-ín. Ẹni tí eré náà dá lé lórí ni ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà. Kì í ṣe ọmọ ayé yìí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ ènìyàn. Inú àpótí aláwọ̀ aró kan ni ó fi ń rìnrìn àjò, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì ń lò láyé àtijọ́. Inú àpótí náà tóbi ju òde rẹ̀ lọ, ó sì lè gbé e dé ìgbà àná tàbí ìgbà ọ̀la. Bí ikú bá dé bá Dókítà, kì í kú bí àwa ṣe ń kú. Ara rẹ̀ a yí padà, a sì di ẹlòmíràn. Ọgbọ́n yìí ni àwọn òṣèré fi ń gba ipò náà lọ́wọ́ ara wọn láti ọdún 1966. Nígbà tí wọ́n fi apá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí hàn, Ncuti Gatwa ni Dókítà, ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ Rwanda tí a sì tọ́ dàgbà ní Scotland.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ni wọ́n fi apá tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Story & the Engine hàn, èyíinì ni Ìtàn àti Ẹ́ńjìnnì. Inua Ellams ni ó kọ ọ́, akéwì tí a bí ní ìlú Jos ní ọdún 1984, tí ó sì dàgbà sí òkè òkun. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ní ọdún 2017, eré orí ìtàgé rẹ̀, Barber Shop Chronicles, jáde ní Lọ́ńdọ́nù; nínú rẹ̀ ni ó ti mú àwọn òǹwòran láti ìsọ̀ kan dé òmíràn, ní Èkó, Accra, Kampala, Harare, Johannesburg àti Lọ́ńdọ́nù fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí ní ẹ̀bá Ọjà'ba ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta mọ̀ pé kì í ṣe irun nìkan ni a ń gé níbẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹni tí ó bímọ àti ẹni tí ó ṣípò padà. Níbẹ̀ ni a ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù, tí a sì ń dá ẹjọ́ ìjọba tí kò wá sí ilé ẹjọ́.

Báyìí ni ìtàn náà lọ. Dókítà wọ ìlú Èkó láti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ kan tí ń jẹ́ Omo. Ó ṣàlàyé fún Belinda, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, pé láti ìgbà tí òun ti di aláwọ̀ dúdú, àwọn ibì kan wà tí a kì í fi ojú rere wo òun mọ́, ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ Omo, ọmọ ilé ni òun. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó bá Omo àti ọkùnrin mẹ́ta, Rashid, Obioma àti Tunde, tí wọn kò lè jáde mọ́. A ti lẹ àwòrán wọn mọ́ ògiri nígboro bí àwọn ẹni tí ó sọnù. Àjèjì kan ti gba ìsọ̀ náà. Ẹni tí ó bá jókòó sórí àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn bí ó ti ń gé irun rẹ̀. Ìtàn náà ni ó ń fún ẹ́ńjìnnì kan ní agbára. Irun a sì tún hù padà lójú ẹsẹ̀, kí ìjókòó má baà lópin. Bí wọ́n bá sì ṣí ilẹ̀kùn, òfuurufú ni wọ́n ń rí, nítorí ẹ̀yìn aláǹtakùn ràgàjì kan ni ìsọ̀ náà wà, tí ó ń rìn lórí àwọ̀n tí a fi ìtàn hun. Èyí tí ó dùn Dókítà jù ni pé Omo, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó dárúkọ rẹ̀ fún àjèjì náà, pé ẹnìkan ń bẹ tí ìtàn rẹ̀ kì í tán.

Ta wá ni àjèjì yìí? Ó kọ́kọ́ fọ́nnu pé òun ni Anansi, òun ni Loki, òun ni Dionysus, òun ni òrìṣà báyìí báyìí. Dókítà bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó ti bá àwọn tí ọkùnrin náà ń dárúkọ pàdé rí, ó sì mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni òtítọ́ jáde. Ọmọ ènìyàn ni ọkùnrin náà. Òun ni ó ń sọ ìtàn àwọn òrìṣà wọ̀nyí kiri, tí ó ń tún un ṣe, tí ó sì ń mú kí ayé rántí wọn. Òun náà ni ó hun àwọ̀n tí ìtàn wọn ń gbà kọjá. Nígbà tí ó tó àkókò láti dárúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, wọn kò fún un ní ohunkóhun. Ọpẹ́ pàápàá kò sí. Nítorí náà ni ó ṣe ń lọ sí àárín àwọ̀n náà báyìí, láti gé e, kí ó lè pa àwọn òrìṣà náà run.

Ẹ̀yin ará, n kò ní pa á mọ́ fún yín pé ọkàn mi kọ́kọ́ tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìlú Ìbàdàn náà mọ irú ẹ̀dùn ọkàn bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ni Amos Tutuola gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, níhìn-ín ni ó sì kú sí ní oṣù kẹfà ọdún 1997. Ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí ó kọ The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí Faber and Faber ti Lọ́ńdọ́nù tẹ̀ jáde ní ọdún 1952. Àwọn ará òkè òkun yìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilé fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ń dójú tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àlọ́ tí púpọ̀ nínú wọn gbọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá wọn ni ó mú lọ sí òkè òkun. Kí ni Tutuola wá ṣe? Ó tún jókòó, ó tún kọ̀wé. Ní ọdún 1954 ni My Life in the Bush of Ghosts tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, àwọn mìíràn sì tún tẹ̀lé e. Ẹ̀gàn kò sọ ọ́ di ẹni tí ń fi abẹ lé ẹlòmíràn lọ́rùn.

Yorùbá ti ní àṣà tí a fi ń san irú gbèsè yìí. Oníjàlá tàbí onírárà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láì kọ́kọ́ júbà fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Olówó tí a bá sì ki oríkì rẹ̀ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò. Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn Akan ilẹ̀ Ghana, tí wọ́n ni ìtàn Anansi aláǹtakùn bí àwa ti ni ti Ìjàpá, sọ pé ọwọ́ Nyame, ọba òkè, ni gbogbo ìtàn wà nígbà kan rí. Anansi sì ní láti mú erè, agbọ́n àti ẹkùn wá fún un kí ó tó rí wọn gbà. Ìtàn kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Ní ti gbèsè náà, onígbàjámọ̀ inú eré jàre.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, lọ́wọ́ ta ni ó ti ń gba gbèsè náà? Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Àwọn òrìṣà ni wọ́n kọ̀ láti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Omo, Rashid, Obioma àti Tunde ni ó há mọ́lé, àwọn tí kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ń sunkún pé a gba ìtàn òun láì dúpẹ́ ni ó ń gba ìtàn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ láì dúpẹ́. A kò ní láti dé òfuurufú kí a tó rí irú rẹ̀. Ọ̀gá kan wà tí ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀, tí ó gbá ilẹ̀, tí ó fọ aṣọ, tí a kò sì kí i kú iṣẹ́ títí ó fi gba òmìnira. Nígbà tí ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀, ohun kan náà ni ó ń fi ojú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ìyàwó kan wà tí ìyá ọkọ kò mọ oore rẹ̀ rí. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, òun ni ó ń fojú egbò rìn níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé a ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n kọ́ ni wọ́n ń fìyà jẹ.

Ohun méjì nínú eré náà ni ó wú mi lórí jùlọ. Èkíní ni pé nígbà tí ó kan Dókítà láti jókòó sórí àga, kò sọ ìtàn ogun tí ó ti jà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìtàn Belinda ni ó sọ, bí nọ́ọ̀sì náà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ẹ́ńjìnnì náà sì gba agbára gidigidi láti inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ayé yín kò ní ìtàn tí ó tó sọ fún ọmọ, ẹ gbọ́ o.

Èkejì ni ti Abena, ọmọbìnrin Anansi, tí ó ń bá onígbàjámọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ti bá Dókítà pàdé rí, ní ìgbà tí Dókítà wà nínú ara mìíràn. Ó retí pé yóò ran òun lọ́wọ́, Dókítà sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, Dókítà kò ṣe àwáwí. Ó tọrọ àforíjì. Abena bá mú orí rẹ̀, ó ń di irun rẹ̀. Bí ó ti ń dì í ni ó ń sọ bí àwọn obìnrin tí a kó lẹ́rú ti ń di àpẹẹrẹ ọ̀nà àbáyọ sínú irun, kí àwọn tí ń sá lè mọ ibi tí wọn yóò gbà. Ọ̀nà tí wọn yóò fi dé ọkàn ẹ́ńjìnnì ni ó dì sí orí Dókítà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ ṣùkú, kọ̀lẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ í dì, ẹ kò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ yín kì í ṣe ohun kékeré?

Nígbà tí Dókítà dé ibẹ̀, ó fi ìtàn ara rẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, ìtàn ẹni tí ń kú tí ó sì ń padà bí láìlópin. Ẹ́ńjìnnì kò lè gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Dókítà ì bá ti fi onígbàjámọ̀ sílẹ̀ kí ó ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìbá bá a wí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà láti ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo wọn sì jáde láàyè, àti òun náà.

Eré náà ní àléébù. Ìparí rẹ̀ yá jù. Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ sí i lórí bí Omo àti Dókítà ti parí ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín wọn, nítorí ọ̀rẹ́ tí ó fi ọ̀rẹ́ lélẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yanjú. Èkó tí wọ́n fi hàn wá náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjà kan àti ìsọ̀ kan kọ́ ni Èkó. Síbẹ̀, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì, n ó sì tún un wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá pa àlọ́ fún yín lálẹ́ òní, ẹ bi í léèrè pé, “Ta ni ó pa á fún ọ?” Ẹ jẹ́ kí ó dárúkọ onítọ̀hún. Àwọn àgbà ṣì wà ní agbo ilé ní Bẹ́yẹrunkà àti ní ìsàlẹ̀ Màpó tí wọ́n mọ ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan. Fóònù tí ọmọ ń mú kiri lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ó bá gbà á, kí ó kọ orúkọ àgbà náà sí i, àti agbo ilé rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dìde. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kí ọmọ iṣẹ́ yín kú iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ìbáà ṣe pé ẹnìkan kò kí yín rí. Bí ìyà tí ẹ jẹ kò bá dúró lọ́dọ̀ yín, ta ni ẹ fẹ́ kí ó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀?