Kí A Má Fi Owó Gọbọi Ra Íápíìsì fún Awò VR

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni òwe yìí nínú ìkòkò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjà ni ó bá mu. Lójú tèmi, kò bá íápíìsì tí ènìyàn fẹ́ lò pẹ̀lú awò VR mu rárá.

Awò VR ni awò ńlá tí a ń dè mọ́ orí, tí ó ń bo ojú, tí ó sì ń fi ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé hàn wá. Owó rẹ̀ kò kéré: nǹkan bí dólà 500 ni wọ́n ń ta Meta Quest 3 nígbà tí ó jáde ní ọdún 2023, nǹkan bí 300 sì ni Quest 3S ní ọdún 2024. Ẹni tí ó ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó tún fi owó gọbọi kún un nítorí etí.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí etí ń ṣe. Bí onílù bá ń lu dùndún ní apá òsì wa, ìró rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kan etí òsì kí ó tó kan ti ọ̀tún. Ìyàtọ̀ àkókò náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ mọ̀ ọ́n. Èyí ni awò VR ń ṣe àfarawé rẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ kò ju íápíìsì tí apá rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tí ó sì wọ etí dáadáa. Èyí tí kò tó dólà 25 lè ṣe é.

Kí ni kí a yẹ̀ wò? Èkíní ni wáyà. Ìró a máa pẹ́ dé nínú íápíìsì Bluetooth. Ó lè ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tí ó ń gbọ́ orin lásán lè má fura, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lu ìlù nínú VR yóò rí i pé ọwọ́ ti kúrò lójú awọ kí ìró tó dé. Oníwáyà kò ní àléébù yìí, kò sì nílò bátìrì. Èkejì ni ihò tí a ó kì í bọ̀. Quest 2 àti Quest 3 ní ihò mìlímítà 3.5; Quest 3S kò ní in, USB-C ni a ó lò. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀kẹta, wáyà gígùn a máa kọ́ ni lọ́wọ́. Ẹ ká a mọ́ okùn orí awò.

Àwọn ọlọ́jà a máa fi ìró tó ń dún gbì-gbì polówó. Kí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ṣọ́ra fún un. Ohùn nìkan ni ó ya igba, igbá àti ìgbà sọ́tọ̀. Bí gbì-gbì bá bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ dì mú?

Ẹ má sì ṣe yí ìró sókè jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ìró tó tó dB 80 ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Íápíìsì tí ó dí etí dáadáa a máa jẹ́ kí ìró kékeré tó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bo ojú tí ó tún dí etí kò ní gbọ́ ọmọdé tí ń rá bọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ra oníwáyà olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ sì fi owó tó kù ra ìwé Yorùbá. Ire o.