Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ÒBÍ: Ọmọ Tí Ń Ṣubú Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn ọmọdékùnrin tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáradára. Ó kan ìyá wọn pẹ̀lú, nítorí pé nínú ilé púpọ̀, orí ìyá ni a máa ń di ẹ̀bi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe iṣan tí a fi ń rìn. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni ó pa pọ̀ di iṣan kan. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni ó bò ó. Nínú rẹ̀ ni àwọn okùn kéékèèké wà, tí ń súnkì tí wọ́n sì ń nà nígbàkúgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀. Kí fífà náà má baà fa awọ ya, ìdè kan wà láàárín wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dystrophin. Orí rẹ̀ kan di actin mú, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn okùn inú. Orí kejì di àwọn ohun tí ó wà lára awọ mú, àwọn wọ̀nyí náà sì di ohun tí ó yí fọ́nrán ká lóde mú. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń so igi òrùlé mọ́lẹ̀ yóò mọ ohun tí à ń wí: bí ìdè kò bá sí, ìjì kò ní pẹ́ ṣí òrùlé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ọmọ tí a bí láìní dystrophin. Bí ó ti ń rìn ni awọ fọ́nrán rẹ̀ ń ya. Fọ́nrán ń kú díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá àti àpá sì ń gba ipò wọn. Duchenne, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé nípa àrùn náà láàárín ọdún 1860 sí 1870, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é. Ní ọdún 1987 ni Louis Kunkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdè tí ó sọnù náà. Nínú ọmọkùnrin 3,500 sí 5,000, ó ń mú nǹkan bí ẹyọ kan, kò sì yan ẹ̀yà kankan.

Àmì rẹ̀ máa ń hàn kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́fà. Ó pẹ́ kí ó tó rìn. Ó ń ṣubú lemọ́lemọ́. Àtẹ̀gùn a máa nira fún un. Bí ó bá jókòó nílẹ̀ tí ó fẹ́ dìde, yóò fi ọwọ́ ti orúnkún àti itan ara rẹ̀, bí ẹni tí ń gun ara rẹ̀ bí igi. William Gowers kọ̀wé nípa àmì yìí ní London ní ọdún 1879. Ohun tí ó ń tan òbí jẹ ni pé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà nípọn bí ti alágbára, a sì rò pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò lè sáré. Pàṣán kò lè so ìdè tí kò sí.

Ǹjẹ́, ta ni ó jẹ̀bi? Lára X tí ọmọ ń jogún ni ìlànà dystrophin wà. Obìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá lábùkù, èkejì a máa dí i. Ọkùnrin ní ẹyọ kan péré, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá kò yàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé òun ru ohunkóhun. Pẹ̀lúpẹ̀lù, nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ wọ̀nyí, àbùkù náà jẹ́ tuntun, kò sí lára ìyá rárá. Nítorí náà, ọkọ tí ó bá lé aya rẹ̀ tàbí tí ó pè é ní àjẹ́ ń ṣẹ aláìṣẹ̀. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Olúwa náà bèèrè nígbà kan nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú pé ta ni ó dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yin mọ bí Ó ti dá wọn lóhùn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún creatine kinase, tí í máa ń pọ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí fọ́nrán iṣan bá ń ya. Oògùn bí prednisolone lè mú kí ó rìn fún ọdún díẹ̀ sí i. Dókítà ni kí ó fún un, a kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Bí a kò bá tọ́jú wọn, ọ̀pọ̀ kì í lè rìn mọ́ bí wọ́n bá fi tó ọdún 12, nígbà tí ó bá sì yá àrùn náà a máa dé inú ọkàn àti iṣan tí a fi ń mí. Nítorí náà, kí a máa yẹ ọkàn àti èémí wò déédéé. Ní ọdún 2023, Amẹ́ríkà gba ìtọ́jú kan láàyè tí ń fi ìlànà ìdè kúkúrú sínú iṣan. Ó wọ́n púpọ̀, kì í sì í ṣe ìwòsàn pípé. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtọ́jú rere, ọ̀pọ̀ ń gbé ju ọdún 30 lọ.

Ẹ má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí yàrá. Ẹ rán an lọ sí ilé-ìwé, ẹ gbé e wá sí ilé Ọlọ́run, kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ máa ràn án lọ́wọ́. Ibi tí ìdè ara bá ti já, kí ìdè ìfẹ́ inú ilé má ṣe já. Àlàáfíà fún ilé yín o.